Irin inú ojúgun mi ti ṣẹ́. Ṣé ayédèrú ni wọ́n fi sí mi lẹ́sẹ̀ ni?

Wẹ́dà_Tákíẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, iṣẹ́ irin ni mo ń ṣe. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí mo ti ń jó géètì, bọ́gúlárì àti ìdúró táǹkì omi káàkiri ìlú yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ̀ pé tó bá dọ̀rọ̀ irin, wọn ò lè fi bò mí lójú.

Lóṣù kẹwàá ọdún tó kọjá, mo ń ti Ọ̀yọ́ bọ̀ lórí ọ̀kadà mi. Mo ti kọjá Odò Ọbà nígbà tí tírélà kan fẹ́ ya èkejì rẹ̀ sílẹ̀, ló bá gba gbogbo ọ̀nà mọ́ mi lọ́wọ́. Inú igbó ni mo ti la ojú. Ojúgun ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti kán, lápá ìsàlẹ̀, kò jìnnà sí ọrùn ẹsẹ̀, eegun sì ti yọ ṣónṣó síta, àmọ́ ihò rẹ̀ ò ju kọ́bọ̀ lọ. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) fọ ojú ọgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ní ọjọ́ kẹta. Irin gígùn ni wọ́n tì bọnú eegun láti abẹ́ orúnkún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n wá fi síkúrù méjì dè é lókè, méjì nísàlẹ̀. Nígbà tí dókítà fi X-ray rẹ̀ hàn mí, mo yìn ín. Mo ní, "Dókítà, ẹ̀yin náà, wẹ́dà ni yín." Ó rẹ́rìn-ín.

Igi abẹ́ abíyá méjì ni mo fi rìn jáde. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ara ti ń yá, mo gbé igi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló di oṣù keje. Mo kàn dìde lórí àpótí láti lọ mú òòlù ni. Mi ò gbé nǹkan kan o, mi ò fẹsẹ̀ kọ. Mo gbọ́ "kẹ́" nínú ẹsẹ̀ mi, bí ìgbà tí ẹlẹ́kítíróòdù bá kán síni lọ́wọ́, ìrora sì gùn mí dé àtàrí. Ká tó dé ibi tí wọ́n ti ń ya X-ray, ẹsẹ̀ ti wú. Irin ti ṣẹ́ sí méjì, gẹ́lẹ́ ní ojú ihò tó wà lókè nínú ihò síkúrù méjì ìsàlẹ̀. Síkúrù kan tiẹ̀ ti ṣẹ́ ṣáájú, mi ò mọ̀.

Wọ́n ní àfi ká tún un ṣe. Mo ní rárá, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ ti ra irin yẹn fún mi. Irin tó tó mílímítà mẹ́sàn-án! Tí mo bá fi ródì tó tó bẹ́ẹ̀ ṣe bọ́gúlárì, olè á làágùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò ní kán. Báwo ni ẹsẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo ṣe wá kán an? Ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀ pé ẹnì kan gba owó irin gidi, ó fi yẹ̀yẹ́ bọ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ẹ dákun, ẹni tó bá mọ̀, kó sọ fún mi. Ṣé ayédèrú ni? Ṣé mo lè fi í sílẹ̀ kí eegun máa so ara rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀? Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn sì ni ti ìsàlẹ̀ irin tó kán yẹn. Orúnkún ni wọ́n gbà tì í wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ yọ ìdajì tó kù sísàlẹ̀? Mo ti rò ó bí oníṣẹ́ irin, mi ò rí ọ̀nà.

Tíṣà_Aáwẹ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìnira. Ó ṣe èmi náà rí, nítorí náà mi ò lè ka èyí kí n kọjá.

Ojúgun òsì lèmi, 2019, mọ́tò ilé ìwé ló gbá mi lẹ́nu géètì wa. Irú irin yín náà ni. Ní oṣù kẹfà, X-ray fi hàn pé síkúrù méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ ti ṣẹ́. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Dókítà àgbà tó wò ó ò tiẹ̀ dìde lórí àga. Ó ní síkúrù yẹn ló ń di eegun méjèèjì mú kí wọ́n má sún mọ́ ara wọn, bó ṣe ṣẹ́ yìí, orí eegun á jókòó léra, tí mo bá sì ń tẹ ilẹ̀, wọ́n á máa tẹ ara wọn, eegun á so. Ó ní ìgbà míì wà tí àwọn gan-an máa ń mọ̀ọ́mọ̀ yọ síkúrù apá kan kó lè rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ó ń tù mí nínú lásán ni. Ní oṣù kẹsàn-án, ó so. Ìdajì síkúrù ṣì wà nínú ẹsẹ̀ mi dòní, bí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń mọ̀ pé àlejò wà nílé.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi tèmi wé tiyín. Síkúrù ló ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, irin gan-an dúró. Tiyín, irin ló kán. Kò sí ohun tó ń mú ẹsẹ̀ yẹn dúró mọ́. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, ẹ padà sórí igi yín lálẹ́ òní.

Ọmọ_Ìkòyí · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Kí lẹ tún ń padà lọ gé? Wọ́n gé e lẹ́ẹ̀kan, irin ṣẹ́, wọ́n tún fẹ́ gé e. Bàbá kan wà lọ́nà oko wa tó ń to eegun. Wọ́n á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, wọ́n á di tiyín, wọ́n á di ti adìẹ. Ọjọ́ tí adìẹ bá ti rìn lẹ óò dìde. Èèyàn púpọ̀ ló ti rìn kúrò níbẹ̀.

Màmá_Nọ́ọ̀sì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:25 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ń gbé irinṣẹ́ fún àwọn dókítà eegun nínú tíátà. Ìgbóbì ní Èkó ni mo ti kọ́ ọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 nítorí àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Ìkòyí lóhùn.

Mi ò bú àwọn tó ń to eegun. Bàbá tó bí bàbá mi, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n adìẹ wọn ò ní irin nínú ẹsẹ̀. Ẹni tí irin kíkán wà nínú ojúgun rẹ̀, tí wọ́n wá ń fa ẹsẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi òróró wọ́ ọ, tí wọ́n fi igi ọparun dì í pinpin! Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n dì títí ẹ̀jẹ̀ ò fi dé ọmọ ìka mọ́, tó dúdú bí èédú, tí dókítà ò rí ohun kan ṣe ju kó gé e lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó yá, Wẹ́dà. Ẹ bínú, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ lẹ ti gbà wọlé dípò ẹnu rẹ̀. Ẹ̀ ń bèèrè pé kí ló ṣe irin. Èmi ń bèèrè pé kí ló ṣe eegun tí kò fi so fún oṣù méje?

Ẹ ti rí bíríkìlà tó ń da dẹ́kìn. Igi ló fi ń ti pátákó lábẹ́. Igi yẹn ò wà láti gbé ilé títí ayé, ó wà títí kọnkéré á fi gan ni. Tí kọnkéré bá kọ̀ tí kò gan, tí ẹ wá ń rìn lórí rẹ̀ lójoojúmọ́, igi á kán lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ tí ológbò gbabẹ̀ kọjá ló máa kán. Ṣé a óò wá máa bú igi? Irin inú eegun náà nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi sí i ni òun àti eegun ti ń sáré. Tí eegun bá kọ́kọ́ so, irin bọ́. Tí eegun bá pẹ́ jù, irin á rẹ̀, á sì ṣẹ́. Ibi tó sábà máa ń ṣẹ́ náà lẹ rí i yẹn, ojú ihò síkúrù. Ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé ibi tí a bá lu ihò sí lára irin ni ọlẹ rẹ̀ wà. Mi ò ní irin burúkú ò sí lọ́jà o. Ṣùgbọ́n irin burúkú kì í sábà dúró di oṣù keje kó tó fi ara rẹ̀ hàn.

Ojúgun fúnra rẹ̀ kì í yára so. Ẹ fọwọ́ kan tiyín níwájú, awọ lásán ló bò ó, kò sí ẹran, bẹ́ẹ̀ ẹran ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún eegun. Bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀, sí ọ̀nà ọrùn ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tún ń dín kù sí i, ibẹ̀ gan-an lẹ sì ti kán. Ojúgun àgbàlagbà tí kò yọ síta máa ń gbà tó oṣù mẹ́rin sí márùn-ún. Èyí tó bá yọ síta, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Tó bá wá di oṣù mẹ́sàn-án, tí X-ray oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ò yàtọ̀ síra, àwọn dókítà á ní eegun náà ti kọ̀ láti so nìyẹn. Ẹ̀yin ò tíì débẹ̀, àmọ́ irin ti sọ ohun tí kàlẹ́ńdà ò tíì sọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irin mìíràn sí i, ẹ bèèrè ìdí. Ẹ ní kó yọ síta, àbí? Ó ṣeé ṣe kí kòkòrò àìsàn ti wọlé níjọ́ náà, kó fara pamọ́ sára irin láìṣe ọyún kankan. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ESR àti CRP, tó máa ń lọ sókè tí kòkòrò bá ń bá ara jà, kí wọ́n wo ṣúgà yín, tí wọ́n bá sì là á, kí wọ́n mú nǹkan díẹ̀ níbi tó kán lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ má lọ máa gbé kápúsù mì láti ọ̀dọ̀ kẹ́míìsì ṣáájú, torí tí oògùn bá ti lé kòkòrò yẹn sá sí kọ̀rọ̀, àyẹ̀wò ò ní rí i mú, ẹ ó sì ro pé kò sí. Tó bá wà lóòótọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ fọ inú eegun náà mọ́ ná.

Ti yíyọ irin tí kò jẹ́ kí ẹ sùn. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn, ibẹ̀ làwa tíátà ti máa ń làágùn. Ìdajì òkè rọrùn: eyín wà lẹ́nu irin náà nínú lọ́hùn-ún bí ti nọ́ọ̀tì, wọ́n á dè é mọ́ irinṣẹ́ ìfayọ, wọ́n á fi òòlù gbá a jáde láti ìsàlẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n eyín yẹn yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ gba ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́, kí irú irin àti ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Ìdajì ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ tú síkúrù tó dè é. Tí irin bá ní ihò láàárín bíi páìpù, wọ́n á ti irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́ lẹ́nu gba inú rẹ̀ kọjá títí á fi yọ nísàlẹ̀, ìkọ́ á há mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n á sì fà á gòkè gba ojú ọ̀nà tó bá wọlé. Tó bá jẹ́ ródì tó dí pa, wàhálà wà níbẹ̀. Nígbà míì wọ́n á gba ojú ibi tó kán mú un, nígbà míì wọ́n á gé fèrèsé kékeré sára eegun. Mo ti dúró wákàtí mẹ́rin lórí ọ̀kan rí.

Ẹ wá sọ òótọ́ fún ìyá yín. Ṣé ẹ̀ ń mu sìgá?

Wẹ́dà_Tákíẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:51 àárọ̀

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rù ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn ló bà mí ju ti irin lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ń mu ún. Ọ̀pá mẹ́wàá, méjìlá lóòjọ́. Dókítà sọ fún mi kí n fi sílẹ̀, mo ní ẹsẹ̀ ló kán, kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mi ò kọ sókè lánàá torí ojú ń tì mí. Ní oṣù kẹrin tí mo ju igi nù, X-ray tí wọ́n ní kí n wá yà, mi ò lọ. Mo dín owó kù. Lóṣù karùn-ún, àwa mẹ́ta la gbé géètì kan lọ sí Arówómọlẹ̀. Ọ̀kadà mi sì rèé, bátìrì rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ni mo fi ń ta á kó tó dáhùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà sì ni.

Lẹ́yìn tí mo ka tẹ̀yin tán, mo jókòó ti bíńdìn wáyà kan ní ṣọ́ọ̀bù, mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ, mo ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Kò kán nígbà àkọ́kọ́, kò kán nígbà kẹwàá. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, pé tí ẹ ò bá ní ohun ìgéwáyà lọ́wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rẹ̀ ẹ́. Mo wá ṣírò rẹ̀. Ká ní mo ń gbé ìṣísẹ̀ 5,000 lóòjọ́, 2,500 nìyẹn fún ẹsẹ̀ ọ̀tún. Fún oṣù mẹ́ta tí mo fi rìn láìsí igi, ó lé ní 200,000 ìgbà tí mo tẹ irin yẹn lórí eegun tí kò so. Ojú bọ́gúlárì ni mo ń wò, tí olè ń tì lẹ́ẹ̀kan. Kò sí olè tó ń ti bọ́gúlárì nígbà 200,000.

Síbẹ̀ inú ń bí mi sí ilé ìwòsàn yẹn. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣàlàyé èyí fún mi. "Má tẹ̀ ẹ́ jù" ni wọ́n sọ. Kí ni "jù"? Tí oníbàárà bá bi mí pé èèyàn mélòó ló lè dúró sórí ìdúró táǹkì mi, mi ò lè ní "kí wọ́n má pọ̀ jù".

Alájọ_Sábó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:17 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣàlàyé. Owó ńkọ́? Ta ló máa san owó irin kejì?

Wẹ́dà_Tákíẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:30 ọ̀sán

Èmi ni. Wọ́n ní irin tuntun, owó tuntun. Jẹnẹrétọ̀ ńlá ṣọ́ọ̀bù mi ti wà lọ́jà báyìí.

Tíṣà_Aáwẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín wù mí, ẹ jẹ́ kí n fi ti ilé ìwé kún un. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ irin yín, wọ́n sábà máa ń fi èyí tó fi mílímítà kan tàbí méjì nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lè ní kí ni mílímítà kan á ṣe. Bí ródì ṣe le tó láti tẹ̀, ìbú rẹ̀ la máa sọ di púpọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lórí ara rẹ̀: 9 × 9 × 9 × 9 jẹ́ 6,561, ti 10 jẹ́ 10,000. Mílímítà kan péré, líle rẹ̀ ti fi ìdajì lé.

Kí irin tó nípọn náà tó lè wọlé, wọ́n á tún fi irinṣẹ́ gbẹ́ inú eegun fẹ̀ sí i, ìyẹ̀fun eegun tó bá sì bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ máa ń ran eegun lọ́wọ́ láti so. Ará Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ irin inú eegun yìí, Gerhard Küntscher, 1939 ló ti kọ́kọ́ fi sí ẹsẹ̀ èèyàn. Ọ̀nà rẹ̀ kì í ṣe ohun àná.

Wẹ́dà_Tákíẹ̀ · Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, 7:48 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun mìíràn. Mo gbé gbogbo X-ray mi dání, àti ìwé iṣẹ́ abẹ tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan gbà lọ́wọ́ àwọn ti àkọ́kọ́. Irin tó ní ihò láàárín ni, Màmá, mo ti dúpẹ́.

Ṣúgà mi dáa. CRP lọ sókè díẹ̀, nítorí náà wọ́n máa mú nǹkan lọ fún àyẹ̀wò lọ́jọ́ tí wọ́n bá là á, tí wọ́n bá rí kòkòrò, ẹ̀ẹ̀mejì ni iṣẹ́ náà máa jẹ́. Ó tún fi ohun kan hàn mí tí ẹni kankan ò sọ rí: eegun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúgun ti so tiẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá dúró gbagidi bí òpó, ojúgun ò sì lè sọ̀ kalẹ̀ bá èkejì rẹ̀. Àlàfo wà láàárín wọn. Wọ́n máa gé díẹ̀ kúrò nínú eegun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Mílímítà mọ́kànlá ni irin tuntun.

Ẹgbẹ́ wẹ́dà dáwó fún mi, jẹnẹrétọ̀ ò kúrò nílé mọ́. Sìgá, ọjọ́ kọkàndínlógún rèé, ojú ń pọ́n mi bí ẹni tó jó irin láìwọ awò. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń ta ọ̀kadà.

Ìbéèrè kan ló kù, Màmá Nọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá ti yọ irin tó ṣẹ́ yẹn, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n mú un lọ sílé? Mo fẹ́ wo ojú ibi tó ti kán. Èyí tó kán lẹ́ẹ̀kan àti èyí tó rẹ̀ kí ó tó kán, ojú wọn kì í jọra, mo sì mọ̀ wọ́n.

Màmá_Nọ́ọ̀sì · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Ẹ bẹ dókítà kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yín, tí wọ́n bá ti wọ tíátà tán, ẹni kankan ò ní rántí. Ẹ ní kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sè é nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kí wọ́n tó fún yín. Tí ẹ bá wò ó tán, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí. Èmi náà fẹ́ rí i.